Àìróorunsùn: Ohun Tó Ń Mú Un Pẹ́ Lára àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Àìróorunsùn ni kí ènìyàn ní àkókò àti ibi tí ó lè sùn sí, kí oorun má sì wá. Ó lè jẹ́ pé oorun kì í tètè gbé onítọ̀hún lọ nígbà tó bá dùbúlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé á gbé e lọ, ṣùgbọ́n á dá lójú rẹ̀ láàárín òru. Ó sì lè jẹ́ pé ojú rẹ̀ á là ní aago mẹ́ta, oorun kò sì ní padà mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní ọjọ́ kejì, àárẹ̀ á mú un, á máa gbàgbé nǹkan, inú á máa bí i láìnídìí. Ìyá tí ọmọ ọwọ́ kò jẹ́ kó sùn kò ní àìsàn yìí, bẹ́ẹ̀ ni ọdẹ tó ń ṣọ́ ọjà lóru kò ní in. Àkókò oorun ni àwọn yẹn kò ní. Èdè Yorùbá gan-an ti ya ọ̀ràn méjèèjì sọ́tọ̀. Àìsùn ni ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pinnu láti wà lójúfò ń ṣe, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sáláṣí tàbí nídìí òkú àgbà. Àìróorunsùn ń ṣe ẹni tó ti tẹ́ ẹní, tó ti pa iná, tó ń bẹ oorun. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ ìlera yóò bi aláìsàn ni èwo nínú méjèèjì ló ń sọ.

Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ ní òru mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, tí ó ti pé oṣù mẹ́ta, tí ó sì ń ba ọjọ́ kejì jẹ́ fún onítọ̀hún, ó ti ta gbòǹgbò. Èyí tí kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ púpọ̀. Ọ̀fọ̀, gbèsè, ìdánwò, àìsàn ọmọ tàbí ìrìn àjò lè mú un wá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì ń lọ láìlo oògùn. Ohun tó ṣe pàtàkì ni láti mọ ìdí tí ti àwọn kan kì í fi í lọ.

Ìgbà tí ojú ní ìdí láti má sùn

Bouaké, ìlú ńlá tó wà láàárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, jẹ́ àpẹẹrẹ tó yéni. Àwọn Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Anago ní orílẹ̀-èdè náà, ti pẹ́ nínú òwò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé wọn ló wá láti Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú tó wà ní àyíká wọn. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Bouaké bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, ó sì di olú ibùjókòó wọn. Púpọ̀ nínú àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ló sá kúrò nílùú. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Ouagadougou ní oṣù Kẹta ọdún 2007, síbẹ̀ ìbọn tún dún ní Bouaké ní oṣù Kìíní àti oṣù Karùn-ún ọdún 2017, nígbà tí àwọn ọmọ ogun dìtẹ̀ nítorí owó tí wọ́n ní ìjọba jẹ wọ́n.

Ní irú òru bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò sùn kò ní àbùkù kankan lára. Ọpọlọ rẹ̀ ń ṣọ́ ilé ni: àyà ń lù kìkì, etí ń gbọ́ ìró tó kéré jù lọ, oorun kò sì ní ààyè. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ nínú ìlànà tó gbé jáde ní ọdún 2013 pé kí wọ́n má ṣe fún àgbàlagbà ní oògùn ìdílé benzodiazepine, irú bíi diazepam, nítorí àìróorunsùn ní oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ tó dẹ́rù bani. Ìlànà kan náà kò fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọdé rárá. Ohun tó ní kí wọ́n gbé yẹ̀ wò fún àgbàlagbà ni kíkọ́ ọ ní bí ènìyàn ṣe ń dẹ ara sílẹ̀, àti ìmọ̀ràn lórí àṣà oorun.

Ìbọn á dákẹ́, wọ́n á ti sin òkú, wọ́n á ti san gbèsè, ṣùgbọ́n oorun àwọn kan kò ní padà. Arthur Spielman, onímọ̀ nípa oorun ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ọ̀ràn yìí ní ọdún 1987. Ó ní ohun mẹ́ta ló wà nínú àìróorunsùn: ohun tó ti wà lára onítọ̀hún tẹ́lẹ̀ tí kì í jẹ́ kí oorun rẹ̀ le, ìṣẹ̀lẹ̀ tó tanná sí i, àti àwọn ohun tí onítọ̀hún ń ṣe láti wá oorun, tí ó wá ń bu epo sí iná náà. Ẹ̀kẹta yìí ni ìtọ́jú ń dojú kọ, nítorí òun ló ṣeé yí padà. Oníṣòwò tí kò sùn dáadáa lánàá á tètè wọlé sùn lálẹ́ òní, ní aago mẹ́jọ, kí ó lè san gbèsè oorun. Oorun kò ní wá ní aago mẹ́jọ. Á yí síhìn-ín, á yí sọ́hùn-ún, á wo fóònù láti mọ iye aago tó lù, á ṣírò wákàtí tó kù kí ọjà tó ṣí. Lọ́sàn-án, á fi orí lé tábìlì ìpàtẹ, á sun wákàtí kan. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ibùsùn fúnra rẹ̀ á ti di ibi ìjà. Ẹni tó ń tòògbé lórí àga á dé orí ibùsùn, ojú rẹ̀ á là kedere. Ìbẹ̀rù àìsùn ti gba ipò ìbẹ̀rù ìbọn.

Ebi oorun àti aago ara

Agbára méjì ló ń mú oorun wá. Ọ̀kan dà bí ebi. Láti ìgbà tí ènìyàn bá ti jí ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adenosine ti ń pọ̀ sí i nínú ọpọlọ, bó sì ṣe ń pọ̀ sí i ni oorun á máa kùn ún. Ẹni tó sun oorun ọ̀sán gígùn dà bí ẹni tó jẹ àkàrà ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kò yẹ kó yà á lẹ́nu pé kò lè jẹ iyán ní aago méje. Èkejì ni aago ara, tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ń tún ṣe lójoojúmọ́. Ẹni tó ń jí ní aago márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, tó wá ń jí ní aago mẹ́sàn-án lọ́jọ́ Àìkú, ń da aago náà rú. Fún Mùsùlùmí, àdúrà àsùbáà ti fi àkókò ìjí kan lélẹ̀, èyí sì wúlò púpọ̀, àfi bí onítọ̀hún bá padà sórí ibùsùn lẹ́yìn àdúrà tó sì sùn di aago mẹ́sàn-án. Nínú oṣù Ramadan, nígbà tí sààrì ń gé oorun òru sí méjì, ó dára kí òṣìṣẹ́ ìlera má bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tó ń dín àkókò orí ibùsùn kù.

Ooru náà ń kó ipa tirẹ̀. Ara gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀ kí oorun tó wọlé, bẹ́ẹ̀ sì ni láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin ní Bouaké, yàrá tó ní òrùlé páànù kì í tètè tutù. Wíwẹ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ní nǹkan bíi wákàtí kan sí méjì ṣáájú oorun máa ń ranni lọ́wọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ á wá sí awọ ara, ara á sì tú ooru rẹ̀ jáde. Ooru kì í ṣe ìdí láti pa nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tì. Institut Pierre Richet, tó wà ní Bouaké, ti ṣèwádìí fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí àwọn ẹ̀fọn ìlú náà tí oògùn apẹ̀fọn kò ràn dáadáa mọ́, ibà sì ń ba oorun jẹ́ ju ooru lọ.

Obì, tíì àti ọtí

Ohun kan wà tí àwọn ìwé ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ ní Yúróòpù kì í sábà mẹ́nu bà: obì. Obì gbànja ní kaféènì nínú, èròjà kan náà tó wà nínú kọfí. Côte d'Ivoire wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń mú obì jáde jù lọ, Bouaké sì wà lójú ọ̀nà tí ẹrù ń gbà lọ sí Mali àti Burkina Faso. Awakọ̀ ń jẹ ẹ́ kí oorun má bàa gbé e lọ, àgbà ń fi í gba àlejò, wọ́n ń pín in níbi ìsọmọlórúkọ, kò sì sí ẹni tó ń ka iye awẹ́ tó jẹ. Bí nọ́ọ̀sì bá bi bàbá àgbà kan pé, "Bàbá, ṣé ẹ máa ń mu kọfí?", á ní rárá, òótọ́ ló sì sọ. Ìbéèrè tó tọ́ ni, "Bàbá, obì mélòó lẹ máa ń jẹ lójúmọ́, ìgbà wo lẹ sì ń jẹ èyí tó kẹ́yìn?" Ó yẹ kó tún béèrè nípa tíì tí àwọn ọ̀dọ́ ń sè lórí èédú lálẹ́, tí wọ́n ń mu ní ìpele mẹ́ta, àti Nescafé ẹ̀bá títì.

Kaféènì kì í mú àárẹ̀ kúrò. Ó kàn ń dí ọ̀nà tí adenosine ń gbà bá ọpọlọ sọ̀rọ̀ ni. Ara àgbàlagbà máa ń lo nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kí ó tó lé ìdajì rẹ̀ jáde, ó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lára aboyún àti obìnrin tó ń lo hóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2013, mílígíráàmù 400 kaféènì tí àwọn ènìyàn lò ní wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó sùn dín oorun wọn kù ní ohun tó ju wákàtí kan lọ. Kò di dandan kí ènìyàn kọ obì sílẹ̀. Kí ó jẹ ẹ́ láàárọ̀, kí ó sì fi í sílẹ̀ láti ọ̀sán lọ.

Ọtí ń tanni jẹ lọ́nà tirẹ̀. Ẹmu, tí wọ́n ń pè ní bandji níbẹ̀, àti koutoukou, tó jọ ògógóró, máa ń tètè gbé ènìyàn sùn, ṣùgbọ́n ní ìdajì kejì òru, nígbà tí ara bá ti ń lò ó tán, oorun á máa já.

Ìtọ́jú tó yẹ kó ṣáájú

Ẹgbẹ́ dókítà tí wọ́n ń pè ní American College of Physicians, ní ọdún 2016, àti àwọn onímọ̀ oorun ní Yúróòpù, ní ọdún 2017, sọ pé ìtọ́jú tó ń tún ìrònú àti ìṣesí nípa oorun ṣe ló yẹ kó ṣáájú oògùn fún àgbàlagbà tí àìróorunsùn rẹ̀ ti ta gbòǹgbò. Kò gba ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀sì tó ti kọ́ ọ lè ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ. Ó nira ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ó sì yẹ kí aláìsàn mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Apá kìíní ni èyí tí Richard Bootzin gbé kalẹ̀ ní ọdún 1972. Kí ènìyàn má dé orí ibùsùn àfi bí oorun bá ń kùn ún gan-an. Àárẹ̀ nìkan kò tó. Kí ó má ṣe jẹun níbẹ̀, kí ó má wo fóònù, kí ó má ṣírò owó. Oorun àti ìbálòpọ̀ tọkọtaya nìkan ni ibẹ̀ wà fún. Bí oorun kò bá wá láàárín ohun tó tó bí ogún ìṣẹ́jú lójú ara rẹ̀, láìwo aago, kí ó dìde kúrò níbẹ̀, kí ó lọ ṣe ohun jẹ́jẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ tí kò pọ̀, kí ó sì padà nígbà tí oorun bá tún ń kùn ún. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ iye ìgbà yòówù tó bá gbà lóru kan. Ní òwúrọ̀, kí ó dìde ní aago kan náà, bóyá ó sùn tàbí kò sùn.

Ilé oníyàrá púpọ̀ ni irú ìlànà yìí bá mu. Ní Bouaké, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń gbé inú yàrá kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní entrer-coucher nínú Faransé ojoojúmọ́ níbẹ̀, nínú àgbàlá tí ọ̀pọ̀ ayálégbé jọ ń lò. Kò sí yàrá mìíràn láti lọ, àwọn ọmọ sì ti sùn sílẹ̀. Kí onítọ̀hún ní àga kan tàbí ẹní kékeré kan tó yàtọ̀ sí èyí tó ń sùn lé, lẹ́nu ọ̀nà tàbí ní igun yàrá. Ibẹ̀ ni yóò máa jókòó sí. Bí ó bá jẹ́ ìta ni, kí ó fi aṣọ bo ara nítorí ẹ̀fọn. Ohun tí ìtọ́jú ń wá ni pé kí ara má kọ́ láti wà lójúfò níbi tó ń sùn sí. Bí ó bá kàn dìde jókòó lórí ẹní kan náà, tó sì mú fóònù, kò tíì ṣe é.

Apá kejì, tí Spielman gbé kalẹ̀, ló máa ń ya àwọn aláìsàn lẹ́nu jù: wọ́n á ní kí ẹni tí kò rí oorun sùn dín àkókò tó fi ń dùbúlẹ̀ kù. Fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, aláìsàn á máa kọ ọ́ sílẹ̀ láràárọ̀ ìgbà tó dùbúlẹ̀, iye wákàtí tó rò pé òun sùn, àti ìgbà tó dìde. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè fi òkúta wẹ́wẹ́ ka wákàtí oorun rẹ̀ sínú agolo. Ká ní ó ń dùbúlẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó ń dìde ní aago márùn-ún àárọ̀, ṣùgbọ́n wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ péré ló ń sùn. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ló fi ń jìjàkadì. Wọ́n á ní kó máa dùbúlẹ̀ ní aago mọ́kànlá àti ààbọ̀, kó sì máa dìde ní aago márùn-ún bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ebi oorun á pọ̀, oorun tó ń já wẹ́lẹwẹ̀lẹ á sì di odidi. Nígbà tó bá ti fi ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò orí ibùsùn sùn fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á fi ìṣẹ́jú 15 kún un, kó máa dùbúlẹ̀ ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú 15, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á sì máa bá a lọ. Àkókò orí ibùsùn kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí márùn-ún.

Ẹni tó ní wárápá, àti ẹni tí àìsàn ọpọlọ tó ń mú ara gbóná àti inú dùn láìnídìí ti mú rí, kò gbọ́dọ̀ ṣe apá kejì yìí láìsí dókítà. Awakọ̀ àti ọlọ́kadà, tí wọ́n pọ̀ púpọ̀ ní Bouaké, ní láti ṣọ́ra, nítorí oorun á máa kùn wọ́n lọ́sàn-án ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó sàn kí wọ́n dúró lórí apá kìíní.

Fún ẹni tí ìrònú kì í jẹ́ kó sùn, kí ó wá ìṣẹ́jú 15 ní ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó kọ gbèsè, owó àjọ àti ọjà tó fẹ́ rà sínú ìwé, tàbí kí ó sọ ọ́ fún ẹni tó fọkàn tán, pẹ̀lú ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo tí yóò gbé lọ́la lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn á sọ pé ogun òru ló ń bá àwọn jà, pé nǹkan tẹ àwọn mọ́lẹ̀ tí àwọn kò lè mira. Kí òṣìṣẹ́ ìlera má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn dókítà ọpọlọ ní Nàìjíríà ti kọ̀wé lórí ogun òru ní ọdún 2007. Nígbà púpọ̀, ọpọlọ ló ti jí nígbà tí iṣan ara ṣì wà lójú oorun. Ó máa ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, oorun tí kò tó sì ń mú un wá lemọ́lemọ́. Ṣùgbọ́n bí ara bá ń gbọ̀n jìgìjìgì, tàbí tí onítọ̀hún ń gé ahọ́n jẹ, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún wárápá.

Hóró oorun

Ní Côte d'Ivoire bíi ní Nàìjíríà, hóró oorun kò ṣòro rí. Àwọn tó ń kiri oògùn ń tà á lẹ́yọ lẹ́yọ, láìsí páálí, láìsí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára rẹ̀. Diazepam àti bromazepam máa ń mú oorun wá ní òru àkọ́kọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara á ti mọ́ ọn lára, hóró kan kò ní tó mọ́. Diazepam ń pẹ́ nínú ara ju ọjọ́ kan lọ, nítorí náà ìyá àgbà tó lò ó lálẹ́ ṣì ń gbé e kiri lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ẹsẹ̀ lè yọ̀ ọ́, egungun ìbàdí sì lè dá. Bí ó bá pàdé ọtí tàbí tramadol nínú ara, èémí lè dúró. Promethazine àti chlorphenamine, tí wọ́n ń tà fún ara yíyún àti ọ̀fìnkìn, kò ṣe arúgbó lóore: wọ́n lè da ọpọlọ rẹ̀ rú, wọ́n sì lè dí i ní ìtọ̀.

Ẹni tó ti ń lo diazepam lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Dókítà ni yóò ṣètò bí wọ́n á ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn fún oṣù. Oorun á tún bàjẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá dín in. Oògùn ni ara ń wá, kì í ṣe pé àìsàn àtijọ́ ló padà. Aláìsàn tí wọn kò bá sọ èyí fún á padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń kiri oògùn.

Àìsàn tó lè fara pamọ́

Ìrora, ikọ́ tí kì í lọ, ikọ́ fée, àtọ̀gbẹ tó ń mú ni dìde tọ̀ lóru, gbogbo wọn ló ń gé oorun, ìtọ́jú wọn ló sì yẹ kó ṣáájú. Oògùn náà wà níbẹ̀. Dolutegravir, tó wà nínú oògùn HIV tí wọ́n ń lò jù lọ báyìí, máa ń da oorun àwọn kan rú; gbígbé e lọ sí òwúrọ̀ sábà máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́, láìdá a dúró. Òwúrọ̀ náà ló yẹ prednisolone àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lé omi jáde. Ẹni tó ń hanrun kíkankíkan, tí ìyàwó rẹ̀ sì sọ pé èémí rẹ̀ máa ń dúró lójú oorun, kí wọ́n má ṣe fún un ní hóró oorun. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń là ní aago mẹ́ta lójoojúmọ́, tí oúnjẹ kò wù ú, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, kí wọ́n bi í léèrè nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, kí wọ́n sì bi í ní gbangba bóyá ó ti ń ronú àtikú.

Ní àárín ìwọ̀-oòrùn Côte d'Ivoire, ní àyíká Bonon àti Sinfra, ó tún yẹ kí wọ́n rántí àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń fà. Orúkọ rẹ̀ ń tanni: aláìsàn ń sùn lọ́sàn-án, ojú rẹ̀ sì ń là lóru. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé àrùn náà kì í ṣe ìṣòro ìlera gbogbogbòò mọ́ ní Côte d'Ivoire, ṣùgbọ́n èyí kò túmọ̀ sí pé kò lè yọjú mọ́. Ẹni tí òru àti ọ̀sán rẹ̀ ti yí padà, tí ibà ń wá tó ń lọ, tí kókó wú lọ́rùn rẹ̀, tó sì ti ṣiṣẹ́ oko ní agbègbè náà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ẹni tó sun wákàtí méjì péré ní òru mẹ́rin tẹ̀léra, tí àárẹ̀ kò sì mú un, tó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, tó ń ná owó tí kò ní, tàbí tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kò nílò ìmọ̀ràn lórí obì. Kí ẹbí má ṣe dè é mọ́lẹ̀. Bouaké ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba. Níbẹ̀ náà ni Grégoire Ahongbonon, ọmọ Benin tó ń tún táyà ṣe, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Saint Camille, tó ti ń tú àwọn aláìsàn ọpọlọ sílẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n àti okùn láti àwọn ọdún 1990. Kí wọ́n gbé onítọ̀hún lọ fún ìtọ́jú ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹnì kan tó mọ ìgbà tí oorun rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù sì bá a lọ.